Ìkòkò Ẹran Bàbá Ìdá-Mẹ́ta

Ọjọ́ tí Bàbá Ìdá-Mẹ́ta gbé ìkòkò ẹran kúrò lórí iná ni gbogbo àdúgbò fi ń rántí rẹ̀. Ọjọ́ Iléyá ni. Ìyàwó rẹ̀ fi itan àgbò kan pamọ́ sínú ẹran ilé, àṣírí sì tú sí ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà lọ́wọ́. Ó fi àkísà di ọwọ́, ó gbé ìkòkò tó ń hó, ó di ilé alágbàfọ̀ tó ní ọmọ rẹpẹtẹ.

"Ìpín yín ló ṣèèṣì wọ ìkòkò wa," ló wí. "Ẹ má bínú, a ti fi iyọ̀ sí i."

Ìdá mẹ́ta là ń pín ẹran ọdún sí: ìdá kan fún ilé, ìdá kan fún aládùúgbò, ìdá kan fún aláìní. Ojú ni àwọn ilé yòókù fi ń díwọ̀n. Bàbá kan igi, ó so abọ́ onígi mẹ́ta mọ́ ọn, ó ní òṣùwọ̀n nìyẹn. Lọ́dọọdún, abọ́ ilé ló máa ń tẹ̀ sílẹ̀ jù. Bàbá á mi orí bí adájọ́.

"Ẹ ò rí ọ̀kánjúwà yín?"

Á tún gé nínú rẹ̀. Eegun ọrùn ni àwọn ọmọ rẹ̀ fi ń ṣọdún.

Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin kò gbàgbé. Ohun tó dùn ún jù ni pé nígbà tí bàbá kú, lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, alágbàfọ̀ ránṣẹ́ pé aṣọ oníbàárà pọ̀ nílẹ̀. Ẹni tó ti jẹ ẹran bàbá yó kò lè wá bu erùpẹ̀ sí sàréè rẹ̀.

Nígbà tí Iléyá tún dé, ọwọ́ ọmọ yìí ni ẹran pípín bọ́ sí. Ó ti pinnu pé ìyá òun yóò jẹ itan kí ìyá náà tó kú. Ó dojú abọ́ ilé dé kó lè nù ún, ó sì rí irin kan tí wọ́n kàn mọ́ ìdí rẹ̀.

"Màámi, bàbá yìí rẹ́ wa jẹ."

"Mo mọ̀. Ó ní bí òun bá fi ojú lásán pín in, ẹ̀yin ọmọ lòun máa gbè sẹ́yìn."

Ọmọ yọ irin náà dànù. Itan bọ́ sílé, ó gbé e kaná, ó jókòó tì í bí ẹni ń ṣọ́ olè. Ẹran hó títí, kò sẹ́ni tó wá gbé e. Ibẹ̀ ni omijé ti bọ́ lójú rẹ̀.

Ìyá tọ́ ẹran náà wò, ó rún un lẹ́nu títí, kò tètè gbé e mì.

"Ó dùn," ló wí. "Àmọ́ kò lọ lọ́nà ọ̀fun."

Ọmọ na ọwọ́ mú àkísà.

"Alágbàfọ̀ yẹn ò wá síbi ìsìnkú o," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Mo mọ̀, Màámi. Ẹ bá mi ṣílẹ̀kùn, ìkòkò gbóná."