Festus àti Ẹ̀rọ Tó Ń Kúnlẹ̀

Ọjọ́ tí ẹ̀rọ Festus Ọládùnjoyè yìnbọn fún Alága ni gbogbo Lugbe ní Abuja mọ orúkọ rẹ̀. Ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ni, nínú pálọ̀ Festus fúnra rẹ̀. Alága Jàbárù wọ agbádá funfun, ó funfun débi pé ńṣe ni àwa tí a jókòó tì í ń ṣẹ́jú. Festus gbé àpótí onírin kan jáde. Ó ní ẹ̀rọ tí ń bu sóbò fún àlejò ni, kí Alága gbé ife sábẹ́ ẹnu rẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì. Sóbò kò tilẹ̀ wo ojú ife. Ó fò ó kọjá, ó bá Alága láyà, pàù! Akápò ẹgbẹ́ tó ń tòògbé lẹ́yìn lajú, ó rí pupa lára funfun, ó figbe ta: "Yéè! Wọ́n ti yìnbọn fún Alága o!" Ká tó wí, ká tó fọ̀, ìdajì ẹgbẹ́ ti gba ojú fèrèsé jáde. Àwọn mìíràn sáré dé ọ̀nà pápá ọkọ̀ òfurufú kí wọ́n tó rántí pé àwọn gbé mọ́tò wá. Ẹni tó bá sọ fún yín pé sóbò yẹn kò kan òrùlé, irọ́ ló ń pa. Èmi ni mo gun àkàbà lọ nù ún.

Alága fọwọ́ pa àyà rẹ̀, ó tọ́ ìka rẹ̀ lá, ó gbé ojú sókè. "Festus," ó ní, "atalẹ̀ inú rẹ̀ pọ̀ jù."

Orí Festus kò dàrú o. Orúnkún Rísíkàt ìyàwó rẹ̀ ló fa gbogbo rẹ̀. Ilé wọn ni ìpàdé ti ń wáyé lóṣooṣù, Alága sì ti ṣòfin pé ohun mímu kò ní wọ ẹnu òun àfi bí ìyàwó ilé bá kúnlẹ̀ gbé e fún òun. Àwọn ìyàwó kékeré inú ẹgbẹ́ tó yẹ kó ṣe é ń ti Gwarinpa tó jìn bọ̀. Àdúrà ìparí ni wọ́n máa ń bá. Rísíkàt tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ló kù. Bó bá tẹ orúnkún, ẹ ó gbọ́ ọ láti ìta bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo rí. Bó bá sì kúnlẹ̀ tán, èèyàn méjì ló ń gbé e dìde.

Festus bẹ Alága títí. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ kó máa dúró gbé e fún yín."

"Ìyàwó ilé kì í dúró fún àgbà lómi. Ṣé ó ń darí mọ́tò ni?"

Rísíkàt ní, "Bàbá Fẹ́rànmí, ẹ̀yin náà ẹ kúkú máa gbé e fún wọn."

"Èmi? Kí n kúnlẹ̀? Ọkùnrin kì í kúnlẹ̀, Rísíkàt, ìdọ̀bálẹ̀ ni tiwa. Bí mo bá wá dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ife lọ́wọ́, ibo ni sóbò máa wà?"

Ó wá fi ọwọ́ sọ àyà: orúnkún ìyàwó òun kò ní kan ilẹ̀ mọ́ nítorí sóbò. Bí ìmọ̀ ẹ̀rọ ṣe wọ ilé nìyẹn.

Pọ́ǹpù tó yìnbọn fún Alága, èyí tí ń tú omi sí gíláàsì iwájú mọ́tò ni. Utako ló ti yọ ọ́ lára ọkọ̀ tó ti kú. Ohun tí Ọlọ́run dá láti lé eruku lójú mọ́tò tó ń sáré, ẹ wá ní kó rọra bu sóbò fún àgbàlagbà! Ọṣẹ sì kù nínú rẹ̀. Èyí tí kò tú dànù, akápò mu ún. Bó bá ti ń sọ̀rọ̀ ni fóòmù ń yọ lẹ́nu rẹ̀, títí dọjọ́ Ajé.

Festus ra ìkejì, pọ́ǹpù kékeré tí wọ́n ń rì sínú àgbá ẹja. Ìyẹn kò lágbára. Yóò gbé sóbò dé ìdajì ọ̀nà, yóò rò ó wò, yóò dá a padà. Níkẹyìn, pàǹtí atalẹ̀ há a lọ́rùn, ó kú. Alága tún wá fi iyọ̀ sí egbò: "Kó tilẹ̀ ṣiṣẹ́ pàápàá, ẹ̀rọ tí kò kúnlẹ̀ kò lè fún mi lómi."

Ẹlòmíràn ì bá sinmi. Festus yọ mọ́tò tí ń yí wáípà ọkọ̀, ó fi ṣe orúnkún fún àpótí náà. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀! Ṣùgbọ́n bó bá ti tẹ̀ síwájú, gbogbo sóbò á ṣàn lọ síwájú, pọ́ǹpù á máa fa atẹ́gùn lẹ́yìn, á sì máa ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù.

Ó gbé kẹ́ẹ̀gì sóbò kan lé èjìká, ó gba ṣọ́ọ̀bù Bùsàrí lọ, ọmọ Ọ̀fà kan tó ń ta wáyà àti bátìrì.

"Pọ́ǹpù tó ń fún ni mo fẹ́."

"Bàbá, èwo ni kì í fún? Gbogbo wọn ló ń fún ni lómi."

"Kì í ṣe fún bíi ká fún èèyàn ní nǹkan. Fún bíi ká fún aṣọ!"

"Ẹ̀rọ ìfọṣọ lẹ ń wá nìyẹn. Ọ̀hún ni wọ́n ti ń tà á."

Festus di ọrùn Bùsàrí mú. "Bí o bá gbé òkèlè mì, ta ló ń tì í lọ? Ṣebí ọ̀fun rẹ ló ń fún un díẹ̀díẹ̀! Bí o dorí kodò, á ṣì máa lọ!"

"Kai! Bàbá, ẹ fi ọ̀fun mi sílẹ̀ ná! Mo ní in!"

Ó ní in lóòótọ́. Ohun kékeré kan ni, tó ní àwọn kẹ̀kẹ́ wẹ́wẹ́ tí ń yí, tí wọ́n ń tẹ rọ́bà rírọ̀ mọ́ ògiri. Sóbò kò kan irin, inú rọ́bà ló ń gbà. Ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ó parí. Pàǹtí ń kọjá, títẹ̀ kò sì dí i lọ́wọ́. Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ó ń falẹ̀ bí ìgbín. Festus ní òun kì í ra bàtà láì wọ̀ ọ́ wò, ó bá ń dán an wò, àwọn tó ń kọjá ń mu, títí kẹ́ẹ̀gì fi gbẹ. Dòní olónìí, àwọn kan ṣì ń wá bi Bùsàrí bóyá sóbò ti tutù.

Festus tẹ́tí sí i bó ti ń yí. "Ṣé o gbọ́ ohun tó ń wí? Jókòó, jókòó, jókòó. Ìyá Fẹ́rànmí ló ń bá wí."

Ìpàdé dé. Festus ti so wáyà kan mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ: bí ó bá kúnlẹ̀, kò ní dìde, kò sì ní dẹ́kun bíbu, àfi bí àgbà bá fọwọ́ gbá a lẹ́yìn, bí a ti ń ṣe fún ọmọ tó kí ni. Ẹ̀rọ kúnlẹ̀ níwájú Jàbárù. Jókòó, jókòó. Ife kún. Alága káwọ́ gbera.

"Alága, ẹ fọwọ́ kàn án, kó lè dìde!"

"N kò lè máa súre fún páànù."

Ife ṣàn. Tábìlì ṣàn. Sóbò ń lọ sí bàtà Alága, ẹ̀rọ kò yẹsẹ̀, Alága kò yẹsẹ̀. A ti gbé àga wa sókè. Nígbà tí sóbò wọ inú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, Jàbárù na ọwọ́, ó gbá ẹ̀yìn páànù. Ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ fúnra rẹ̀, bó ti mọ́ ọn lára: "Dìde, ọmọ mi. Wàá dàgbà, wàá dogbó." Ẹ̀rọ dìde. Láti ọjọ́ náà, Rísíkàt kò kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́ àfi Ọlọ́run, Ọlọ́run náà, orí àga ló ti ń bá a sọ̀rọ̀ báyìí.

Festus kò dogbó tó bí a ti fẹ́. A gbé e lọ sílé, a sin ín, a padà wá sí Abuja. Nígbà tí ìpàdé tún kàn, aṣọ ti bo ẹ̀rọ ní kọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Rísíkàt gbé ife sórí àwo, ó di àga mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí orúnkún máa gbà. Àfi bí Alága Jàbárù ṣe dìde. Ó ká aṣọ náà kúrò, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ́ ẹ̀rọ wá síwájú obìnrin náà, ó tẹ bọ́tìnnì.

Jókòó, jókòó, jókòó.

"Ìyàwó wa," ó ní, "ṣé o ò gbọ́ ohun tí ọkọ rẹ ń wí ni?"

Rísíkàt jókòó. Ẹ̀rọ kúnlẹ̀ fún un.

Akápò ní, "Ẹ wo Festus, tó ní ọkùnrin kì í kúnlẹ̀!" Ilé dà wó fún ẹ̀rín. Ife kún, ó ṣàn, sóbò gba ẹsẹ̀ tábìlì lọ sílẹ̀. Ẹ̀rín rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹni tó pariwo pé kó fọwọ́ kàn án.

Nígbà tó wù Rísíkàt, ó na ọwọ́, ó rọra gbá a lẹ́yìn.

"Ó tó, Bàbá Fẹ́rànmí," ó ní. "Ẹ dìde."