Ẹni Tí Kì í Sáré Gòkè

Àbúrò bàbá mi kì í gun àtẹ̀gùn tán lẹ́ẹ̀kan náà. Àjà kẹta la jọ ń gbé ní Jikwoyi, l'Ábùjá. Bó bá dé ìdajì, á dúró, á fọwọ́ ti ògiri, á máa mí díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá ń kánjú, á ní, "Rọra. Afẹ́fẹ́ inú ara rẹ kò tíì mọ̀ pé o ti kúrò nísàlẹ̀."

Kó tó wá máa tún ẹ̀rọ omi ṣe níbí, inú òkun l'Ékòó ló ti ṣiṣẹ́. Á pọn àgbá afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, á lọ yẹ ọkọ̀ tó rì wò. Ọ̀kan wà tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìn, oòrùn ń tàn dé ara rẹ̀. Ó ní ẹja kún yàrá ọ̀gá ọkọ̀ bí èrò ibùdókọ̀ Nyanya láàárọ̀, akàn sì ń gbé inú ìkòkò ọbẹ̀. Ó ń wò wọ́n títí afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ fi tán. Ẹ̀rù bà á, ó sì já sókè lẹ́ẹ̀kan. Afẹ́fẹ́ tó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀ kò ráyè jáde; láti ọjọ́ náà ni orúnkún rẹ̀ ti ń ro ó.

"Ṣé ẹ kábàámọ̀?" mo bi í.

"Pé mo sáré gòkè ni. Mi ò kábàámọ̀ pé mo wò wọ́n."

Ó ti kú báyìí. Lánàá, mo ti ibi iṣẹ́ dé, ó ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu. Mo dúró ní ìdajì àtẹ̀gùn.

"Sànnu o," ni aládùúgbò wa kan fi Hausa kí mi. "Ṣé kò sí nǹkan?"

Mo ní kò sí. Ibi tí mo fọwọ́ tì lára ògiri, ọ̀dà ti ṣí níbẹ̀, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àbúrò bàbá mi gẹ́lẹ́.