Ẹ̀bẹ̀ Tí Wọ́n Bá Mi Bẹ̀ Nítorí Waya

Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òun fẹ́ bá mi bẹ ènìyàn, ara mi á bù máṣọ. Bí mo bá ṣẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi bẹ̀bẹ̀. Bí mi ò bá ṣẹ̀, ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ jọ̀wọ́. Mo mọ ohun tí ẹ̀bẹ̀ fojú mi rí ní Port Harcourt.

Ọdún 1970 ni, ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ìlú náà ni ogun ká mi mọ́ ní 1967. Nígbà tí àwọn sójà wọlé lọ́dún kejì, mo bá àwọn aládùúgbò mi sá wọ igbó, mi ò sì jáde títí ìbọn fi dákẹ́. Ìròyìn ti dé Ọ̀yọ́ pé mo ti kú. Ìyá mi, tí ojú wọn ti fọ́ kí ogun tó dé, ti sunkún mi tán. Mo kọ lẹ́tà sílé pé mo wà láàyè. Àbúrò mi kọ èsì padà, ó ní ìyá wa ò gbà. Ìyá ní, “Ẹnikẹ́ni ló lè kọ lẹ́tà. Ẹ yé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ohùn ọmọ mi ni kí ẹ jẹ́ kí n gbọ́.”

Tẹlifóònù ò ṣiṣẹ́. Ilé iṣẹ́ epo tí mo ti ń ṣiṣẹ́ iná tẹ́lẹ̀ gbà mí padà, àmọ́ wọ́n ní kò sí ìsinmi fún ẹnikẹ́ni títí ọdún á fi parí. Ẹ lè ní kí ló dé tí mi ò já iṣẹ́ sílẹ̀ kí n sá lọ bá ìyá mi. Ẹni tó ti jẹ aláǹgbá nínú igbó rí ló mọ ìdí tí mo fi di iṣẹ́ mú. Mo ṣì ń bi ara mi léèrè náà.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Kí ogun tó dé, mo ti gba ìwé àṣẹ ìjọba pé mo lè fi rédíò bá ènìyàn sọ̀rọ̀ láti ilé mi. Eré ọwọ́ mi ni, bí ẹlòmíràn ṣe ń ta ayò. Ọ̀rẹ́ mi kan, tíṣà ní Ìbàdàn, ní tiẹ̀ pẹ̀lú. Ìjọba gba àṣẹ náà lọ́wọ́ wa nígbà ogun, àmọ́ wọ́n ti dá a padà fún wa. Mo ra ohun èlò díẹ̀díẹ̀ ní ọjà Creek Road, mo to rédíò náà padà. Waya nìkan ló kù, èyí tí màá so láti orí òrùlé mọ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé. Láìsí i, mo lè gbọ́ ohùn ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ohùn tèmi ò ní dé ibì kankan.

Kọ́tàsì ilé iṣẹ́ la sì ń gbé. Ìwé òfin wọn ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ so waya mọ́ òrùlé. Mo kọ̀wé sí ọ̀gá kọ́tàsì àti ìgbìmọ̀ rẹ̀, mo fi ẹ̀dà ìwé àṣẹ mi sí i. Nọ́ọ̀sì kan, ará Okrika, tí ilé rẹ̀ kángun sí tèmi, bá mi kiri láti ilé dé ilé kí àwọn aládùúgbò lè fọwọ́ sí i. Gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ìwé mi lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, pé nítorí okùn ìsáṣọ ni wọ́n ṣe ṣòfin yẹn, kí n wá ní Ọjọ́bọ̀. Inú mi dùn jù. Mo fi ìwé rán dírẹ́bà tó ń lọ sí Ìbàdàn pé kí ọ̀rẹ́ mi gbé ìyá mi wá sílé rẹ̀ ní Sunday, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àṣé mo ti yára jù.

Bàbá kan wà tó ń ta aṣọ, ará Ògbómọ̀ṣọ́, tó jẹ́ olórí gbogbo àwa Yorùbá tó kù nílùú. Àwọn ni wọ́n gbà mí sílé nígbà tí mo jáde nínú igbó. Bàbá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní ọjọ́ Tuesday.

“Ìwé lo kọ sí ọ̀gá? O ò ní bàbá ni? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. A máa bá ọ bẹ̀ ẹ́.”

“Bàbá, mi ò jẹ̀bi. Ẹ̀tọ́ mi ni mo ń bèèrè.”

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. “Ta ló ń bi ọ́ bóyá o jẹ̀bi?”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àgbààgbà márùn-ún wọ agbádá, wọ́n mú mi lọ sílé ọ̀gá kọ́tàsì. Gbogbo wa dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀gá fò dìde, akọ̀wé rẹ̀ fa pẹ́ńsùlù yọ. Bàbá ní, “Ọmọ wa jẹ̀bi. Ọmọdé ń ṣe é. Ẹ foríjì í, kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.” Télọ̀ kan nínú wọn, tó gbọ́ Pidgin dáadáa, túmọ̀ rẹ̀: “Oga, abeg. Him know say him do bad. E no go do am again.”

Mo la ẹnu. Bàbá fi ọwọ́ tẹ̀ mí lẹ́yìn. “Dákẹ́. Ẹni tí à ń bá bẹ̀bẹ̀ kì í rojọ́.”

Mo sì dákẹ́! Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, mo sì mọ òwe náà láti kékeré. Kò sí Yorùbá tó máa gbọ́ “ó jẹ̀bi” yẹn tó máa rò pé ẹjọ́ la dá. A fi ń tu ẹni tí à ń bẹ̀ lójú ni. Àmọ́ akọ̀wé ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní tirẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀gá ka ohun tí akọ̀wé kọ sétí ìgbìmọ̀. Ó yíjú sí mi. “Person wey get right, wetin him dey beg for?” Ẹni tó ti sọ pé ìwé mi lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ wolẹ̀, kò wò mí mọ́. Wọ́n ní bí mo bá so waya kankan, kí n kó ẹrù mi.

Mo sáré lọ bá Bàbá. Ẹ mọ ohun tí Bàbá wí? “Ṣebí ká padà lọ bẹ̀ ẹ́ ni.” Mo pariwo mọ́ àgbàlagbà lójú ọjà. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀.

Kò sí dírẹ́bà tó ń lọ sí Ìbàdàn mọ́ kí Sunday tó pé, tí mo lè fi ránṣẹ́ pé kí wọ́n má wá. Mo na waya yí ògiri yàrá mi po, mo jókòó ti rédíò. Aago mẹ́rin lù, mo gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ mi, ó ń pè mí. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìyá mi.

“Ọmọ mi, èmi ìyá rẹ ni. Wọ́n ní o wà láàyè. Bí o bá wà láàyè, dá mi lóhùn.”

“Mo wà láàyè, Ìyá! Èmi ni!” Mo kígbe débi pé nọ́ọ̀sì sáré wọlé. Inú yàrá yẹn ni ohùn mi mọ.

“A ò gbọ́ nǹkan kan,” ọ̀rẹ́ mi ní. Ó tún pè mí, ó tún pè mí. Mò ń dáhùn, mò ń sunkún.

Ìyá mi ní, “Ẹ mú mi relé. Òkú kì í dáhùn. Ẹ ti jẹ́ kó kú mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì.”

Ìyá mi ò rí ìparí ọdún yẹn. Ọjọ́ tí ìròyìn dé, Bàbá aláṣọ ló kọ́kọ́ wá kí mi. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n di ọwọ́ mi méjèèjì mú, omi sì wà lójú wọn.

“A jẹ̀bi, ọmọ mi,” Bàbá ní. “Foríjì wá.”

Mò ń wo ẹnu wọn. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ̀gá kọ́tàsì náà ni wọ́n ṣe sọ ọ́.