Bí A Ṣe Fi Ìkúnlẹ̀ Pàdánù Ọdẹ́jídé

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi mí pé kí ló dé tí n kì í bá yín sọ̀rọ̀ ìbò mọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo bá wọn dì kẹ́yìn. Kò tíì pẹ́. Ìgbà tí kajú ń pọ́n ni, tí oòrùn Ṣakí ń jó páànù gbọ̀ngàn ìlú, tí mo sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń ja ìjà ẹgbẹ́ olùkọ́. Mo ti rí ìyanṣẹ́lódì tí ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ lù wá pa, mo sì ti rí ìbò tí wọ́n jí lójú ọ̀sán gangan. Kò sí èyí tó tì mí lójú nínú wọn. Èyí tó ń tì mí lójú ni ìbò tí a dì lórí ọdẹ inú fóònù.

Ẹ mọ Ọdẹ́jídé. Kò sí ọlọ́kadà kan ní páàkì Ìwéré-Ilé tí kì í fi í ṣeré nígbà tó bá ń dúró de èrò. Ọdẹ ni, nínú géèmù. Ó ń rìn nínú ọ̀dàn Òkè-Ògùn, ó ń lé ẹranko burúkú kúrò lóko iṣu, ó ń mú ọmọ tó sọnù padà wálé. Moróunkẹ́ ló yà á, ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ díẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan tí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú yọ̀ǹda fún wọn, àwọn ọdẹ ìlú ló sì sọ ìtàn tí wọ́n fi ṣe é. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì, Moróunkẹ́ ní òun fẹ́ kí Ọdẹ́jídé di obìnrin. Orúkọ yẹn náà, ìbọn yẹn náà, ajá yẹn náà, ṣùgbọ́n obìnrin.

Ìlú gbóná. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè pe ìpàdé.

Ẹni tó ṣáájú àwọn tí kò fẹ́ ni ọkùnrin kan tí a ń pè ní Akọ̀wé, nítorí pé ó ti jẹ́ akọ̀wé ẹ̀ka ẹgbẹ́ olùkọ́ wa rí. Ó ti fẹ̀yìn tì bíi tèmi, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò kúrò lára rẹ̀, òun náà kò sì jẹ́ kó kúrò.

Èmi ló kọjú sí. "Ìyá Adéọlá, ẹ gbọ́. Bí ọmọ yín bá fẹ́ obìnrin tó ń dẹ̀gbẹ́, kó ya tirẹ̀, kó sọ ọ́ lórúkọ. Ta ló dì í lọ́wọ́? Èyí tí àwọn ọmọ ti mọ̀ ní ọkùnrin, kí ló dé tí a ó fi bọ́ ṣòkòtò rẹ̀ ká ró o níró?"

N kò ní purọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Mo ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu àwọn ọmọbìnrin pàápàá.

Moróunkẹ́ dìde. "Bàbá, bí mo bá ya tuntun, ẹ ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ ó ní a ti fún àwọn obìnrin ní tiwọn. Ọdẹ́jídé ni àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí fẹ́ràn. Òun ni wọ́n ń bá wọ igbó. Mo fẹ́ kí wọ́n ṣí i lọ́jọ́ kan kí wọ́n rí i pé àwọn ni."

"Ṣé yóò máa pọn ọmọ síbi tó ti ń yìnbọn ni?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín.

"Bó bá bímọ, yóò pọ̀n ọ́n," Moróunkẹ́ ní. "Ẹ̀yin náà, Bàbá, ẹ̀yìn ẹnìkan lẹ gbé dàgbà."

Ẹ̀rín kejì pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé a lè borí wọn. Mo sì mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a kò bá borí, nítorí Moróunkẹ́ ti sọ fún mi pé òun yóò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún àwọn yòókù, òun yóò sì kúrò ní Ṣakí. Kò fi dẹ́rù bà mí. Bí ẹni ń sọ pé òjò ń bọ̀ ló ṣe sọ ọ́.

A fohùn ṣọ̀kan pé títò la ó fi dìbò. Ẹni tó bá fẹ́ ìyípadà yóò tò sẹ́yìn Moróunkẹ́, ẹni tí kò bá fẹ́ yóò tò sẹ́yìn Akọ̀wé, ọkùnrin kan yóò sì máa fọwọ́ kan èjìká wọn bó ti ń kà wọ́n. Mo ní kí wọ́n fi òfin kan sí i: ẹni tó bá wà lórí ìdúró nìkan ni kí a kà. Òfin yìí, èmi ni mo ni ín. Nígbà tí mo du ipò alága ẹ̀ka wa láyé àtijọ́, Akọ̀wé ka àwọn ọkùnrin tó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò mọ́ ìlà alátakò mi, ó ní ó rẹ̀ wọ́n ni. Bí ipò náà ṣe bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn, láti ọjọ́ náà ni mo sì ti ń jà pé ẹni tó bá jókòó kò dìbò.

Akọ̀wé gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Bí Ìyá Adéọlá bá ṣe wí i, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ la ó ṣe é."

Ó yẹ kí ìrọ̀rùn yẹn kọ mí lóminú. Igi gànganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Èmi kò wò ó.

Lọ́jọ́ ìbò, ìlà wa gùn ju tiwọn lọ. Ẹni tí kò mọ ìṣirò pàápàá rí i. Àwọn nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, àwọn olùkọ́ wà níbẹ̀, àwọn ìyá tó ti oko bọ̀ tí erùpẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ìyá Dúró, ìyàwó Akọ̀wé fúnra rẹ̀, tò síwájú ìlà wa. Inú mi dùn dé ibi tí omi fi gba ojú mi.

"Ìyá Dúró, ilé ńkọ́?"

"Ilé wà níbi tó wà," ó ní. "Ẹ jẹ́ n dúró síbi tí mo dúró sí."

Akọ̀wé bẹ̀ wá pé àwọn àgbà tó wà lẹ́yìn òun kò lè pẹ́ nínú oòrùn, kí a kọ́kọ́ ka tiwọn. Mo gbà. Wọ́n kà wọ́n tán. Mo rí i tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó gbé fóònù sétí. Ọkùnrin tó ń kà yíjú sí ìlà wa, kò sì tíì fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni nígbà tí Olúọdẹ, olórí àwọn ọdẹ ìlú, gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

Àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ti kà wọ́n, kò sí ohun tó sọnù fún wọn. Lọ́dọ̀ tiwa, Ìyá Dúró ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kúnlẹ̀. Ìkúnlẹ̀ náà ń sáré bọ̀ lórí ìlà bí iná tó ń jó ọ̀dàn lọ́yẹ́, títí ó fi kàn mí. Mo kúnlẹ̀.

Bàbá arúgbó náà rí obìnrin tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ẹ ò ní sunkún ọmọ. Àmín. Oko yín á so. Àmín. Ta ló ń dìde nígbà tí àgbà ń súre? Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń kà kò dúró. Ó ń gba àárín wa kọjá, ó ń fọwọ́ kan èjìká ẹni tó bá wà lórí ìdúró: àwọn ọ̀dọ́kùnrin díẹ̀, àwọn ọmọbìnrin díẹ̀ tí wọ́n kàn tẹrí ba. Ó ré mi kọjá bí ẹni ré kòtò kọjá.

Moróunkẹ́ bojú wẹ̀yìn.

"Màmá, ẹ dìde," ó ní. Kò pariwo. "Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ń kà."

Mo gbọ́. Ohun tí Akọ̀wé ṣe yé mi kí ọmọ náà tó pa ẹnu dé. Mo sì ní, "Àmín."

Nígbà tí wọ́n kéde pé a ti pàdánù, mo yarí, mo ní kí wọ́n tún un kà.

"Ta ló ní ẹni tó bá wà lórí ìdúró nìkan ni ká kà?" Akọ̀wé bi mí, jẹ́jẹ́. "Ìyá Adéọlá, ṣé ìdúró là ń pe ìkúnlẹ̀ nínú ìwé tẹ́ ẹ kà ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Olúọdẹ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wò wá níkọ̀ọ̀kan.

"Ìbò lẹ ń dì?" ó ní. "Akọ̀wé ní kí n yára wá súre fún ìpàdé ni. Kí ló dé tí ẹnìkan nínú ẹ̀yin obìnrin yìí kò sọ fún mi? Ṣé mo máa ń bu ènìyàn jẹ ni? Ǹ bá dúró kí wọ́n kà yín tán."

Àwọn obìnrin wo ilẹ̀. Èmi tí mo ti kojú ọlọ́pàá lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn, tí mo ti já ìwé gbà lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà, èmi náà wo ilẹ̀.

Mo ti bi Ìyá Dúró ní ṣọ́ọ̀ṣì bóyá ọkọ rẹ̀ ló rán an sí ìlà wa. Ó ní, "Èmi nìkan ni mo kúnlẹ̀ níwájú, Ìyá Adéọlá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ta ló tì yín?" N kò tíì dárí jì í.

Bí ẹ bá ní kí n sọ ohun tí a jèrè, kò pọ̀. Ìwé ni ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè fi ń dìbò báyìí, ó sì fi ìwé náà yan Akọ̀wé ní alága. Àwọn ọmọbìnrin tó wà ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà gbọ́ ohun tí Moróunkẹ́ sọ, ẹnikẹ́ni kò lè gbà á létí wọn mọ́. Ohun tí a pàdánù ni Moróunkẹ́. Ó parí àwòrán tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kó ẹrù lọ sí Ìbàdàn, kì í gbé ìpè mi. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà, orí ọmọ wọ́ lójú mi. Gbèsè ìdìde kan ni mo jẹ ẹ́, n kò sì mọ ibi tí mo ti lè san án báyìí.

Láìpẹ́ yìí, mo ń dúró kí mọ́tò kún ní páàkì Ìwéré-Ilé. Ọlọ́kadà kan jókòó lórí ọ̀kadà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fi Ọdẹ́jídé ẹlẹ́ẹ̀kejì ṣeré. Ọkùnrin ṣì ni ọdẹ náà. Ó ti oko bọ̀, ó ń wọ ìlú, obìnrin arúgbó kan sì wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Arúgbó náà wọ awò ojú bíi tèmi. Ó wé gèlè òfì aláró, irú èyí tí mo wé lọ́jọ́ ìbò.

"Ta nìyẹn?" mo bi í.

"Ìyá kan báyìí ni, Màmá. N kò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀. Kì í fúnni lómi, kì í júwe ọ̀nà. Mo ti tẹ ibi gbogbo lára rẹ̀, kò dìde."

"Bóyá ẹni tó yà á kò yà á tán."

"Ó yà á tán o. Ẹ wo ẹnu rẹ̀, ó ń sọ nǹkan." Ó gbé fóònù náà sún mọ́ mi. "Kí lẹ rò pé ó ń sọ?"

"Àmín," mo ní.