Ẹja Mẹ́wàá Ni Mo Kọ

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbọ́ tí aládùúgbò mi ń ka káàdì ìdánwò ọmọ rẹ̀ sókè, tó ń fi ọ̀rọ̀ nà án bí ẹni fi ẹgba nà án: "Ipò kejìdínlọ́gbọ̀n! Ojú ò tì ọ́?" Ohùn yẹn ló gbé mi padà sí Ayétòrò, ìlú wa létí òkun, sórí afárá pákó tó ń dún gbà-gbà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, sí ọdún tí mo pé mẹ́sàn-án, tí wọ́n fún mi ní òdo.

Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, ohun gbogbo jẹ́ ti gbogbo wa nígbà náà. Àwọn apẹja á kó ẹja wálé, wọn á dà á sílẹ̀ lẹ́bàá ilé ìdáná àjọjẹ, ẹnikẹ́ni kì í bèèrè àwọ̀n ta ló kó o. Ọmọ tó bá ní "tèmi ni", àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú: "Ẹ wá wo onítèmi!"

Ni tíṣà ìṣirò kan bá dé láti ìlú òkè. Ó bi wá nínú ìdánwò pé: Òjó ní ẹja mẹ́wàá, ó fún Àjàyí ní mẹ́ta, mélòó ló kù? Mo kọ mẹ́wàá. Ẹja ò kúrò nílùú, báwo ló ṣe máa dín? Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe dáhùn gbogbo ìyókù.

Àṣìṣe ọmọdé ni, mo gbà. Ohun tí tíṣà ṣe ni n kò gbà. Kò bi mí nídìí. Ó fi ìǹkì pupa kọ "olódo" sára káàdì mi, ó mọ̀ dájú pé orúkọ náà yóò lẹ̀ mọ́ mi. Ó tún mú mi dúró lórí afárá, níbi tí gbogbo ìlú ń gbà lọ jẹun ọ̀sán, ó ní kí n gbé káàdì náà sókè. Mo gbé e títí apá fi ń ro mí. Ọ̀rẹ́ mi kọjá, kò wò mí. Ìyẹn náà wà lọ́rùn tíṣà.

Mo pinnu pé n kò padà sílé ìwé mọ́, ẹja ni n ó máa yan. Màmá kan tó jẹ́ olórí àwọn ahunṣọ ìlú wa ló rí mi lẹ́yìn òfì níbi tí mo sá sí.

"Kí ni wọ́n bi ọ́, ọmọ wa?"

Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di òfì mú. "Mẹ́wàá ni, jàre! Ṣùgbọ́n gbọ́: ìlú mìíràn ló wà nínú ìwé tíṣà yẹn. Níbẹ̀, oníkálukú di ẹja tirẹ̀ mọ́ àyà. Tí o bá wọ ibẹ̀, bá wọn kà á bí wọ́n ṣe ń kà á. Tí o bá jáde, wá bá wa jẹun."

Lọ́jọ́ kejì, ó fà mí lọ́wọ́ lọ bá tíṣà. "Tíṣà, ẹ káàárọ̀ o. Ẹja tí ẹ jẹ lánàá, ti Òjó ni àbí ti Àjàyí?"

Tíṣà ní kí n wọ kíláàsì. Kò yí òdo náà padà, kò sì bẹ̀ mí. Mo tún kíláàsì náà kà.

Òkun ti gbé ibi tí ilé ìwé náà wà lọ. Ilé ìdáná àjọjẹ ti kásẹ̀ ńlẹ̀. Èmi náà ti kàwé dé yunifásítì, mo sì ti rí i pé ìlú inú ìwé yẹn ni gbogbo wa ń gbé báyìí. Wọ́n ní kí n gbàgbé, pé tíṣà á ti kú. Kí ló kàn mí? Inú ṣì ń bí mi. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tó fà mí lọ bá tíṣà yẹn, Màmá jókòó tì mí ní kíláàsì lórí bẹ́ǹṣì kékeré, láàárín àwọn ọmọdé, eékún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀, kò sì dìde títí agogo fi lù.