Aṣọ Funfun Jọọlá àti Ẹja Inú Àpótí

Bí ẹ bá fẹ́ kí inú bí Moríkẹ́, ẹ má wulẹ̀ bú u. Ẹ ṣáà sọ fún un pé kòkòrò kékeré ò lè fi èèyàn ṣe nǹkan kan. Ọ̀rẹ́ mi ni láti kékeré. Ògiri pákó kan ṣoṣo ló pààlà ilé tèmi àti tirẹ̀ ní Ugbonla, nítorí náà gbogbo ìjà tó bá kòkòrò jà lọ́dún yìí ló ṣojú mi. Èyí tí kò ṣojú mi, mo gbọ́ ọ láti orí ibùsùn.

Kòkòrò tí mò ń wí yìí, kò sí ilé orí omi tí kò mọ̀ ọ́n. Kò gùn tó ìka ọmọdé, ara rẹ̀ ń dán bí ìpẹ́ ẹja, ìrù rẹ̀ pín sí mẹ́ta. Kì í fò, kì í bu èèyàn jẹ. Òkùnkùn àti ọ̀rinrin ló fẹ́ràn. Bí o bá ṣí àpótí lójijì, wàá rí i tó ń sá wọ abẹ́ aṣọ. “Ẹja inú àpótí” ni Moríkẹ́ ń pè é, ìbínú ló sì fi ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ayétòrò la ti wá, kí òkun tó lé wa. Jọọlá, ìyá Moríkẹ́, tí Moríkẹ́ ń pè ní Ìye, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ yan ẹja, ibẹ̀ la sin ín sí. Sàréè rẹ̀ ti wà nínú omi báyìí, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ń kọjá lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọ kékeré tiwa ní àṣà kan. Lọ́dọọdún, a máa ń wa ọkọ̀ lọ síbi tí sàréè àwọn ìyá wa wà tẹ́lẹ̀. Ọmọbìnrin àgbà ni í wọ aṣọ àdúrà funfun tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀. Bàbá Ọlálẹ́yẹ, alàgbà wa tí ojú wọn kò ríran mọ́, wọn yóò di apá aṣọ náà mú, wọn yóò sì pe orúkọ ẹni tó ni ín sórí omi. Ẹni tí kò bá rí aṣọ ìyá rẹ̀ wọ̀, a kì í pe ìyá rẹ̀. Ó di ẹni tí omi gbé lọ pátápátá nìyẹn.

Aṣọ náà sì gbọ́dọ̀ le gbándí. Bó bá rọ̀, àwọn obìnrin á máa fi ojú bá ara wọn sọ̀rọ̀ pé ọmọ yìí ò tọ́jú ohun tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń rin ẹ̀gẹ́, tí a ń fún omi rẹ̀ sínú abọ́ títí yóò fi tòrò. Funfun tó bá wà nísàlẹ̀ abọ́, òun la fi ń ṣe sítáàṣì. Aṣọ ti Moríkẹ́ máa ń le débi pé o lè gbé e dúró ti ògiri.

Nígbà tí ọjọ́ náà kù díẹ̀, ó ṣí àpótí. Igbe tó ké, mo rò pé ejò ni.

“Fẹ́yìsayọ̀! Wá wo ohun tí wọ́n fi Ìye ṣe!”

Ọrùn aṣọ ti lu bí ajere. Moríkẹ́ da káńfọ̀ sínú àpótí títí òórùn rẹ̀ fi wọlé tọ̀ mí wá. Àwọn kòkòrò ń rìn gba orí káńfọ̀ kọjá. Ó fi kẹrosíìnì nu inú àpótí, wọ́n ṣì wà ńbẹ̀. Ó ní òun á sá aṣọ sóòrùn, òjò bẹ̀rẹ̀, kò sì dá. Ló bá yíjú sí mi.

“Páálí rẹ ni wọ́n bá wá! Páálí bisikíìtì tí o ń kó bọ̀ láti ọjà!”

“Èmi? Kí n tó kó páálí wọlé ni wọ́n ti ń jẹ kàlẹ́ńdà ara ògiri rẹ.”

A ò kí ara wa mọ́. N kò ní parọ́, inú bí mi gan-an. Kí ni mo fẹ́ fi kòkòrò ṣe?

Òun nìkan ló lẹ ihò aṣọ náà. Ó fọ̀ ọ́, ó wá po sítáàṣì tó ki ju ti ìgbàkigbà rí lọ, pé bí aṣọ bá le dáadáa, eyín wọn ò ní ran án. Ó ká a, ó tì í mọ́nú àpótí. Nígbà tí yóò fi tún ṣí i, wọ́n ti jẹ etí rẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n ti ń jẹ apá bọ̀. Moríkẹ́ bọ́ bàtà, ó ń fi na àpótí.

Mi ò lè gbọ́ ọ kí n dákẹ́. Mo lọ bá a, mo fà á lọ sí ilé ìdáná kó lọ mu omi. Ibẹ̀ la ti rí abọ́ sítáàṣì tó ṣẹ́kù, tó ti gbẹ mọ́ abọ́. Ẹja inú àpótí kún inú rẹ̀, wọ́n ń họ ọ́ jẹ. Moríkẹ́ wo abọ́, ó wo kàlẹ́ńdà tó fi sítáàṣì kan náà lẹ̀ mọ́ ògiri. Ibi tó lẹ̀ nìkan ni wọ́n jẹ.

“Fẹ́yìsayọ̀.” Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. “Èmi ni mò ń bọ́ wọn. Láti ọjọ́ yìí wá, èmi ni mò ń po oúnjẹ fún wọn, mo wá ń fi aṣọ Ìye ṣe abọ́.”

Aṣọ ìyá tèmi náà wà nínú àpótí pẹ̀lú sítáàṣì lára. Mo sáré lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má bi mí ohun tí mo bá níbẹ̀.

Ọjọ́ ti pé tán nígbà náà, ó ku òru kan péré kí a wa ọkọ̀ lọ. Moríkẹ́ fọ gbogbo sítáàṣì náà kúrò. Níbo ni yóò wá gbé aṣọ náà sí tí ẹyọ kòkòrò kan ò ní dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́? Ó gbé e kọ́ sí ilé tó ti ń yan ẹja, lókè èéfín, nítorí kò sí kòkòrò tí í gbénú èéfín. Òótọ́ ni, kòkòrò kankan ò débẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, aṣọ funfun Jọọlá ti pọ́n bíi tíì, ó rọ̀ bí aṣọ ìnujú, òórùn ẹja yíyan sì gba gbogbo ara rẹ̀. Moríkẹ́ kígbe mọ́ aṣọ, ó kígbe mọ́ èéfín, ó kígbe mọ́ mi pé kí ló dé tí n kò dá òun lẹ́kun. Pétérù, àbúrò rẹ̀, ń ké láti etí omi pé ọkọ̀ ń lọ.

“Wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀,” mo ní. “Àbí o fẹ́ jókòó sílé?”

Ó wọ̀ ọ́. Nínú ọkọ̀, obìnrin tó jókòó níwájú wa fi ìborí bo imú. Moríkẹ́ ń wo omi, ó ń fi eyín há ètè.

Nígbà tí a dé ibi tí sàréè wà tẹ́lẹ̀, tó sì kàn án, Bàbá Ọlálẹ́yẹ na ọwọ́, wọ́n di apá aṣọ mú. Wọ́n fi ìka tẹ̀ ẹ́, wọ́n tún un tẹ̀. Ojú wọn le.

“Bàbá, ẹ má bínú,” Moríkẹ́ bẹ̀rẹ̀, “kòkòrò ló…”

Bàbá ní kó dákẹ́. Wọ́n gbé apá aṣọ náà sí imú, wọ́n sì pẹ́ kí wọ́n tó gbé e kúrò. Ìgbà tí wọ́n máa la ẹnu, kì í ṣe ohùn àdúrà. Bí èèyàn ṣe ń pe aládùúgbò láti ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ṣe pè é.

“Jọọlá! Jọọlá o! Ṣé ẹja ti gbẹ?”

Moríkẹ́, tí kò sunkún lọ́jọ́ tí òkun gbé sàréè ìyá rẹ̀ lọ, bú sẹ́kún, Pétérù sì dá àjẹ̀ dúró.

“Ó ti gbẹ, Bàbá,” ló dáhùn. “Ó ti gbẹ.”