Ìrọ̀rí Tí Màámi Fọ̀

Grandma gbé ìrọ̀rí náà sójú, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n tún gbóòórùn rẹ̀.

"Ta ló fọ èyí?"

"Èmi ni, Grandma. Ẹ kú ewu ọsibítù!" Ẹ̀rín ni Màámi fi dáhùn. Ó ń retí ọpẹ́.

Grandma kì í ṣe ìyá-ìyá mi o. Àgbàlagbà obìnrin Júù ni wọ́n, aládùúgbò wa ní Gulfton lókè òkun, àwọn ló ń tọ́jú mi tí Màámi bá lọ síbi iṣẹ́. Òórùn àlùbọ́sà díndín kì í kúrò nílé wọn, rédíò wọn kì í sì í sinmi. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ni mo lè fi ṣeré, àfi ìrọ̀rí yẹn. Màámi, tó lọ bá wọn tún ilé ṣe nígbà tí wọ́n wà ní ọsibítù, ò mọ̀. Ìdọ̀tí lòun rí, kì í sì í rí ìdọ̀tí kó fojú fò ó. Bí ìjọba bá gbà fún un, á fọ títì fíríwè.

Grandma rọra jókòó. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n ń lé àwọn Júù nílùú àwọn, ìyá àwọn ló ki ìrọ̀rí náà mọ́ àwọn lábíyá, tó ní kí àwọn máa sá lọ. Ọmọdé ni wọ́n nígbà náà. Wọn ò fojú kan ìyá wọn mọ́.

"Òórùn rẹ̀ ló wà níbẹ̀."

Màámi kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Mi ò mọ̀." Ló bá sáré lọ sílé wa, ó gbé ìborùn kan dé. Ìyá rẹ̀ ló bọ́ ọ fún un ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, kò sì fọ̀ ọ́ rí. Ó tẹ́ ẹ sórí itan Grandma, ó bú sẹ́kún.

Grandma gbóòórùn káńfọ̀ àti òrí.

"Ṣé ìyá rẹ wà láàyè?"

"Ó wà, mà."

"Kí lo wá ń gbóòórùn aṣọ sí? Lọ bá a!"

Nígbà tí ilé-ìwé gba ìsinmi, a lọ sí Ìjẹ̀bú. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo fojú kan ìyá-ìyá mi nìyẹn. Ọrùn wọn ń rùn fún káńfọ̀ àti òrí.

Grandma ò ní ẹni tí wọ́n lè lọ bá. Títí tá a fi kó kúrò ní Gulfton, mo ṣì máa ń bá wọn tí wọ́n gbé ìrọ̀rí náà sójú, bẹ́ẹ̀ ọṣẹ ló kù níbẹ̀. Mo máa ń rò pé wọ́n ti gbàgbé pé Màámi fọ̀ ọ́ ni.

Màámi ti ṣaláìsí báyìí. Ọwọ́ mi ni ìborùn náà wà. Kò rùn fún nǹkan kan mọ́, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, àárò gbogbo wọn sì ń sọ mí. Síbẹ̀ mo máa ń gbé e sójú.